Gòjé Kì í Ṣe Fáyólìn Tálákà

Ọ̀rọ̀ kan ń gbé mi nínú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta. Bí a bá fẹ́ ṣe Ọjọ́ Àṣà, a ó wọ aṣọ òfì, a ó se àmàlà, a ó kọ oríkì, lẹ́yìn náà a ó háyà ẹni tí yóò tẹ kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹnìkan bá ní kí á pe onígòjé, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi rín in. Wọ́n á ní kí ni ohun èlò olókùn kan ṣoṣo, tí ohùn rẹ̀ ń ha, fẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáyólìn olókùn mẹ́rin? Èrò tèmi ni pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí gòjé ṣe ń dún. Igbá ni ikùn rẹ̀. Awọ ejò tàbí ti awọ́nríwọ́n ni wọ́n fi ń bo ojú igbá náà, wọ́n á sì dá ihò sí i kí ìró lè ráyè jáde. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun ẹṣin náà ló sì wà lára ọrun tí wọ́n fi ń fà á. Okùn nìkan kò lè pariwo, nítorí ó tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló lè tì. Igi kékeré tó gbé okùn sókè lójú awọ ló ń jíṣẹ́ fún awọ: okùn á gbọ̀n, awọ á gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú igbá náà á gbọ̀n, ìró á wá délé dóko. Bí fáyólìn àti gìtá onípákó ṣe ń dún náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ojú tiwọn, awọ ni ti gòjé.

Awọ kò wúwo, ó ń tètè dáhùn, ìdí nìyẹn tí ohùn gòjé fi ń ta síni létí tó sì ń ha díẹ̀. Híha yẹn kì í ṣe àbùkù. Àwọn baba wa tó so ṣaworo mọ́ ìyáàlù dùndún mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí ìró kan gbé ìró mìíràn dání. Ẹni tó bá ń fi òṣùwọ̀n fáyólìn wọn gòjé dà bí ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ bu omi.

Ẹ tún ro ti èdè wa. Igbá, igba, ìgbà: ohùn nìkan ló ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ọrùn gìtá ní irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín ohùn sí ìpele 12. Kí ohùn tó lè rọra yọ̀ láti ìpele kan bọ́ sí èkejì, àfi kí ọlọ́wọ́ fa okùn náà wọ́. Gòjé kò ní irin kankan lọ́rùn. Ìka ń yọ́ lọ, ó ń yọ́ bọ̀, bí ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, fáyólìn náà kò ní irin, ṣùgbọ́n gòjé ló ti bá wa gbé. Ẹ gbọ́ àwo Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbà, àgbà onísákárà tó papò dà ní ọdún 1978, kí ẹ sì kíyè sí bí gòjé ṣe ń tẹ̀lé ohùn orin bí òjìji.

Bóyá orúkọ ló ń dẹ́rù bà wá. Antonio Stradivari, ará Cremona ní Ítálì, kú ní ọdún 1737, owó tí wọ́n ń ra fáyólìn rẹ̀ lónìí sì kọjá sísọ. Ní ọdún 2012, nítòsí Paris, wọ́n kó ògbóǹtarìgì 10 jọ, wọ́n fi awò dúdú bò wọ́n lójú, wọ́n sì ní kí wọ́n fi àtijọ́ 6 àti tuntun 6 wéra. Tuntun kan ni ó gba ipò kìíní, wọn kò sì lè fi etí dá àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí tuntun. Ẹ ò rí i pé ojú àti orúkọ lè tan etí jẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Abuja gan-an. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni gòjé ti bá wa dé. Goge ni wọ́n ń pè é. Níhìn-ín, ibi tí àwa àti àwọn jọ ń gbé, ó sún mọ́ ilé. Bákan náà, ojú ọjọ́ Abuja kì í ṣe ti Èkó. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ á le, ohùn á mú. Bí òjò bá dé, awọ á dẹ̀, ohùn á bò. Gìtá tí wọ́n kàn létí òkun lè là nígbà ọyẹ́, nítorí pákó tó bá gbẹ ń sún kì. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, kí ó fi kànìnkànìn tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ sínú àpótí rẹ̀, kí ó má ṣe kan pákó.

Kí ni kí á wá ṣe? Mo mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù rọrùn, kò sì ń bẹ̀rù òjò. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe gòjé, irú igbá tó dára àti bí awọ ṣe yẹ kó fà tó, orí rẹ̀ ló wà. Bó bá kú láì kọ́ ẹnìkan, ó di ìgbàgbé. Nítorí náà, ní Ọjọ́ Àṣà tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí á fi owó kíbọ́ọ̀dù pe onígòjé kan àti ẹni tó ń ṣe é. Kí akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì àti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá jọ jókòó tì wọ́n. Fóònù ọwọ́ wa lè gba ohùn náà sílẹ̀, ó sì lè fi hàn wá iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí a ṣe é nígbà òjò, kí a tún un ṣe nígbà ọyẹ́, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé wa yìí ní èdè Yorùbá.

Ohun a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ire o.