Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ń Bá Wa Pa Iná

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, a kí yín kú ewu iná tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà àwọn aláṣọ. Ẹ̀mí kankan kò bá a lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìsọ̀ mẹ́ta ni ó jóná, méjì nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n a kò lè gbé e mì. Nígbà tí ariwo "Gobara! Gobara!" sọ ní òru ọjọ́ náà, ta ni ó kọ́kọ́ dé? Kì í ṣe ọkọ̀ panápaná ìjọba, nítorí olú-ìlú ìpínlẹ̀ jìnnà sí wa. Kí ọkọ̀ náà tó dé, ohun tí yóò jó ti jó tán. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí ń pa iná láìgba kọ́bọ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní 'yan kwana-kwana, ni ó dé. Àwọn mẹ́ruwà náà ti kẹ̀kẹ́ wọn wá, omi tí wọn ìbá tà láàárọ̀ ni wọ́n dà sí iná. Ọmọ Hausa kan fara jóná ní apá níbi tí ó ti ń fa ìdì aṣọ ìyá wa kan jáde. Ní àkókò yẹn, púpọ̀ nínú wa ń kó ẹrù tiwa, a sì ti ilẹ̀kùn àgbàlá tí kànga wà pa. Ẹnì kan tilẹ̀ ń béèrè ẹni tí yóò san owó omi. Títí di ìgbà tí a ń kọ ìwé yìí, ẹgbẹ́ kò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ kí ọmọ náà.

Àwọn kan wí ní ìpàdé pé kí a dá panápaná tiwa sílẹ̀, tí yóò máa pa iná ìsọ̀ ọmọ Yorùbá nìkan. A kò fara mọ́ ọn rárá. Ìsọ̀ wa àti ti Hausa àti ti Ìgbò fara kan ara wọn, pákó lásán ni ó wà láàárín. Ẹ rántí ọjà Sabon Gari ní Kano, ní oṣù March 1916 kọ́, ní March 2016 tí ojú wa ṣe: ìsọ̀ tí ó ju 3,000 lọ ni iná jó, iná náà kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìlú rẹ̀. Ẹ rántí Monday Market ní Maiduguri, ní oṣù February 2023. Ìgbà ọyẹ́ ni pákó àti páálí ń gbẹ, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé ẹyín iná láti òrùlé kan dé èkejì.

Lẹ́yìn iná náà, olórí àwọn ọ̀dọ́ pe gbogbo ọjà láti kọ́ wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́fà péré ni ó lọ! Ó ní kí a má da omi sí iná bẹntiróòlù, nítorí epo a máa léfòó, omi a sì gbé iná rìn. Iyẹ̀pẹ̀ tàbí àpò tí a rẹ sínú omi ni kí a fi bò ó. Bí ó bá jẹ́ wáyà ni, kí a kọ́kọ́ pa iná mànàmáná. Síbẹ̀ kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ ṣì wà lábẹ́ káńtà ọ̀pọ̀ nínú wa, àtẹ wa sì dí ojú ọ̀nà. Àtẹ akọ̀wé yín gan-an wà lára wọn. A ti gbé e wọlé, ojú sì tì wá.

Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá ₦500 lóṣù, fún korobá, àkàbà àti bàtà àwọn ọ̀dọ́ náà. A óò máa kà á níwájú Mai Unguwa. Kí ilé kọ̀ọ̀kan yan ọmọkùnrin kan tí yóò bá wọn ṣọ́ òru títí òjò yóò fi dé. Kí ẹni tí ó ní kànga fi kọ́kọ́rọ́ kan sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé Sunday yìí, a óò lọ sí ilé àwọn òbí ọmọ tí ó fara jóná. Ìyá tí ó ni ìdì aṣọ ti wí pé òun ni yóò ṣáájú. Agogo mẹ́rin ni a óò gbéra.