Ọmọ Kì í Ṣe Ẹrù Ọjà

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Táíwò Road,

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lẹ́ẹ̀kan yìí, ọ̀rọ̀ ọlidé ni. Bí ọlidé ọlọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́rin bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọ wa á bẹ̀rẹ̀: "Màmá, ẹ mú wa lọ Ìbàdàn." Èyí tó ti lọ rí á máa sọ ìtàn kìnnìún fún èyí tí kò tíì lọ. Ìyá á ní òun ti gbọ́. Tó bá wá di ọjọ́ náà, méjì ló máa ń já sí: àbí ká má lọ mọ́, àbí ká sáré kó wọn sínú mọ́tò láìní ètò kankan. Àwa ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àwọn kan nínú wa ní ìnáwó òfo ni, pé kí ni ọmọ ọdún márùn-ún fẹ́ wò ní Ìbàdàn? Èsì wa ni pé abẹ́ tábìlì ọjà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti mọ ayé. Láti ilé-ìwé ó di sọ́ọ̀bù, láti sọ́ọ̀bù ó di ilé. Wọ́n mọ owó kà, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà, àmọ́ inú ìwé nìkan ni wọ́n ti rí kìnnìún. Àwọn àgbà sì ti wí i pé bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Àwọn mìíràn ní, "Ọjà ńkọ́? Ṣebí ìgbà ọdún ni ọjà ń tà?" Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún ló ń tà. Tí ọlidé bá ti wọlé, báǹkì ti tì, ọ́fíìsì ti tì, oníbàárà tó kù ò tó nǹkan. Lójú tiwa, ọlidé Àjíǹde ló dáa jù fún irú ìrìn-àjò yìí, torí ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni lọ́dọọdún, láti Ọjọ́ Ẹtì dé Ọjọ́ Ajé, kì í yẹ̀. Oṣù là ń wò ká tó mọ ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀kítóbà àti ọjọ́ kejìlá oṣù Júùnù, tí ìjọba fi ṣe ọjọ́ ìjọba alágbádá láti 2019, lè bọ́ sí Ọjọ́rú, kó jẹ́ ọjọ́ kan péré. Àtàwa Mùsùlùmí àtẹ̀yin onígbàgbọ́, ilé-ìwé gbogbo ọmọ wa ló máa ń tì nígbà Àjíǹde.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Àwa ọlọ́jà, ara wa kì í gbà kí owó mọ́tò lọ lásán. A ó ní ọmọ là ń mú lọ wo ẹranko, ká tó ṣẹ́jú, a ti yà sí Gbági, a ti dé Dùgbẹ̀, pé ká kúkú ra ọjà díẹ̀ bọ̀. Àwọn ọmọ á wá dúró sínú oòrùn, wọ́n á máa ṣọ́ ẹrù. Bí èrò bá ti pọ̀, ojú ìyá wà lára ọjà, ojú ọmọ wà lára oní-áíìsìkirimù, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń sọnù. Nígbà tí a bá ń bọ̀, ẹrù ni wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé. Ìyẹn ò dáa. Ọjọ́ tí a bá mú ọmọ jáde, ká fi ọjà sílẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ń lọ ra ọjà, ká fi ọmọ sílé. Ọmọ kì í ṣe ẹrù, kì í sì í ṣe olùṣọ́ ẹrù.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìjókòó. "Gbé e lẹ́sẹ̀ jàre, ọmọ kékeré ni." Gbogbo wa ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn ní gáréèjì. Láti Ìlọrin dé Ìbàdàn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, a ó gba Ògbómọ̀ṣọ́, a ó gba Ọ̀yọ́, àwọn tírélà sì wà lójú ọ̀nà. Tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búrékì lójijì, kò sí ọwọ́ ìyá tó lágbára tó láti di ọmọ tó wà lórí itan mú. Ẹ san owó ìjókòó ọmọ. Ẹ má gbé ọmọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Àárọ̀ ni kí ẹ gbéra, ẹ má rin òru. Ẹni tí owó ìjókòó ọmọ mẹ́rin ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó mú méjì lọ lọ́dún yìí, kó mú méjì tó kù lọ́dún tó ń bọ̀.

Ètò tí a rò nìyí. Ọjọ́ Ẹtì, ká rìn, ká dé, ká sinmi. Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1948 tí wọ́n dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹranko níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Ẹ tètè dé ibẹ̀ kí èrò tó kún. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ mú wọn dé Òkè Ààrẹ, níbi ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 fi rántí Captain Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe Résídẹ́ǹtì ní Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Láyípo nìyẹn. Ẹ di ọwọ́ àwọn kékeré mú dáadáa. Tí ẹ bá ń kọjá ní Dùgbẹ̀, ẹ nawọ́ sí Cocoa House, tí wọ́n parí ní 1965, kí ẹ sọ fún wọn pé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọmọ ọlọ́jà yẹ kó mọ ohun tí ọjà lè ṣe. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹ máa bọ̀ wálé.

Ẹ má kó ibi mẹ́fà sínú ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ọmọdé kì í ṣe ẹsẹ̀ àgbà. Ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Mọ́níyà gba Abẹ́òkúta dé Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ó wù wá púpọ̀, àmọ́ ẹ fi ìyẹn sí ọdún mìíràn.

Kí la máa gbé dání? Búrẹ́dì, ẹyin sísè, ẹ̀pà, omi tó pọ̀. Ẹ má gbé wàrà àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n á kan lójú ọ̀nà. Ẹ ra ORS ní kẹ́míìsì, ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀ tí inú bá ń ṣu ọmọ. Ẹ rán ańkárá kan náà fún gbogbo wọn, ojú á tètè rí wọn láàárín èrò. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ìyá sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àgbà kan sí ọmọ mẹ́rin, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tètè pe mọ̀lẹ́bí tí ẹ fẹ́ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sì gbé èlùbọ́ dání; ẹ má fi ọmọ márùn-ún já a láyà.

Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá ká Ìbàdàn, ọgbà ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin níbí. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà ní Ẹ̀sìẹ́, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1945, ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọjọ́ kan tó fi lọ, tó fi bọ̀.

Ní ti owó, ohun tí a fẹ́ gbé wá sí ìpàdé ni àjọ ọmọ. Ẹni tó bá dá ₦500 lọ́sẹ̀, lọ́sẹ̀ 40 ó ti di ₦20,000. Kì í ṣe owó tí a ó fi ra aṣọ ẹbí o, ti ọmọ ni. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó fi orúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo wa.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ọmọ á sin gbogbo wa o.