Fítámì E àti Ojú Tó Ń Hunjọ

Kò ṣòro láti rí òróró fítámì E rà ní Life Camp, l'Abùjá: ti inú ìgò wà, ti kápúsù tí wọ́n ń lu kí wọ́n tó fi pa ojú náà wà. Ohun tí àwọn oníbàárà ń wá ni kí awọ má hunjọ. Lójú tiwa, kò sí ẹ̀rí gidi pé òróró yìí nìkan lè ṣe é. Ó ń mú kí awọ rọ̀ kó sì máa dán. Dídán yẹn ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ìwòsàn.

Ní 1999, ìwádìí kékeré kan láti Yunifásítì Miami gbé e yẹ̀ wò lórí àpá iṣẹ́ abẹ. (Àpá kì í ṣe ìhunjọ, a mọ̀.) Kò ran ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lò ó lọ́wọ́, ó sì sú sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lára.

Oòrùn gan-an ló ń ba awọ jẹ́ jù, bí awọ dúdú wa kì í tilẹ̀ tètè hunjọ. Fìlà àti agboòrùn ṣe pàtàkì ju kápúsù lọ. Fítámì E pọ̀ nínú epo pupa àti ẹ̀pà tí à ń jẹ. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra òróró náà, kó wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kó sì kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa apá.