Wákàtí Kan Lókè, Ẹ Ka Tilẹ̀ Náà Mọ́ Ọn

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè lọ́jà Ọjẹ́, n'Íbàdàn, kọ̀wé sí wa. Ọmọ rẹ̀ bímọ l'Ábújá, aago mẹ́wàá àárọ̀ sì ni ìkómọ. Wọ́n ní wákàtí kan péré ni bàálù ń fò láti Alákia. Ṣé bóun bá wọ ti aago mẹ́jọ, òun á bá wọn sọ ọmọ lórúkọ?

Ìyá wa, ẹ kú ewu ọmọ o! Wákàtí kan yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò tíì pé. Bíi 400 kìlómítà ni lójú òfurufú. Ti ojú títì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí mọ́tò ń yí kọ̀rọ̀, bàálù kì í yí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Aago mẹ́fà lẹ ó ti wà l'Álákia, kí wọ́n lè wọn ẹrù yín. Aago mẹ́sàn-án lẹ ó balẹ̀. Ẹ ó dúró gba ẹrù, ẹ ó tún wọ mọ́tò bíi 40 kìlómítà kẹ́ ẹ tó dé àárín ìlú. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, wọ́n ti sọmọ lórúkọ tán!

Tó bá wá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí kùrukùru bolẹ̀, bàálù lè má gbéra rárá. Ó ti ṣe mí rí. Ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi ni mò ń lọ. Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ń ká àga.

Ìyá wa, bí ìkómọ bá ku ọ̀la ni kẹ́ ẹ ti lọ. Bàálù á tún fò lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń sọmọ lórúkọ.