Arọ Tó Ní Táǹkì

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí a bá ti pa òwe yìí, àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dìmú nínú rẹ̀: wọ́n á ní ẹni tó bá ti tètè gbọ́ ti bọ́. Èmi kò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fìdí sí. Gbogbo ìlú ló gbọ́ pé ogun ń bọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbọ́, arọ gbọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè jókòó ti ẹmu rẹ̀ títí yóò fi gbúròó ìbọn, kó tó dìde sá wọ igbó. Arọ kò lè dán an wò. Bí kò bá tíì mọ ẹni tí yóò gbé e, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, àti ilé tí wọn yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, kí ogun tó dé ẹ̀yìn odi, gbígbọ́ tó gbọ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Ibi tó ti gbà fún ara rẹ̀ pé òun kò lè dá rìn ni ọgbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni arọ láyé òde òní? Ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni. Ọmọ ogun fúnra rẹ̀ lè wọ bàálù lónìí kó sì sọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè lọ́la, ṣùgbọ́n táǹkì Abrams kan ṣoṣo wúwo ju tọ́ọ̀nù 60 lọ. Bàálù ẹrù C-17, pẹ̀lú gbogbo gìrìwò rẹ̀, ẹyọ kan péré ló lè gbé. Ẹgbẹ́ tó ń fi táǹkì jà sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀, ká má tíì dárúkọ ọkọ̀ epo, ọkọ̀ omi, hẹlikópítà, ohun èlò àtúnṣe àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ńténà. Ojú omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa gbà. Kí ó tó dé ojú omi, ó gbọ́dọ̀ gba wọ́ọ̀fù kọjá, wọ́ọ̀fù náà kì í sì í sábà jẹ́ ti ológun. Ti àwọn oníṣòwò ni, níbi tí wọ́n ti ń kó mọ́tò, irin, ọkà àti igi. Ìjọba tó lágbára ológun jù láyé ní láti wá ẹni tí yóò gbé e pọ̀n.

Wọ́n ti fi ojú ara wọn rí ohun tí àìgbọ́n máa ń fà. Ní oṣù Kejì ọdún 1898, ọkọ̀ ogun Maine ti Amẹ́ríkà bú gbàù ní èbúté Havana. Ní oṣù Kẹrin, ogun bẹ́ láàárín Amẹ́ríkà àti Sípéènì lórí Kúbà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò gbọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ìwé ìròyìn ti ń fi ogun náà pariwo. Wọ́n yan Tampa ní Florida pé ibẹ̀ ni ọmọ ogun yóò ti wọkọ̀. Lójú ẹni tó ń wo àwòrán ilẹ̀, kò sí ibi tó dára tó o, nítorí Kúbà wà nítòsí. Lójú ẹni tó ń wo rélùwéè, àṣìyàn ni. Láti ìlú Tampa dé èbúté, nǹkan bí máìlì mẹ́sàn-án, ojú irin kan ṣoṣo ló wà. Henry Plant tó ni ojú irin náà ló tún ni òtẹ́ẹ̀lì ńlá tí àwọn ọ̀gá ológun jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń mì lórí àga, tí wọ́n ń dúró de àṣẹ.

Ẹrù wá ń dé láti ìhà gbogbo, àṣẹ kò sì tíì dé. Ọ̀gágun Nelson Miles ránṣẹ́ sí Washington pé ọkọ̀ ẹrù ojú irin tó lé ní 300 ló ti há yí Tampa ká, pé ìwé ẹrù kò tẹ̀ lé wọn, àti pé ṣe ni àwọn ọ̀gá ń já èdìdì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó kó aṣọ, èyí tó kó oúnjẹ ẹṣin, àti èyí tó kó ọta. Ìlà ọkọ̀ náà dé South Carolina. Ẹni tó bá ti jókòó sínú mọ́tò ní Àpápá láyé ìgbà tí tírélà gba ojú afárá mọ́ ará Èkó lọ́wọ́ yóò mọ ohun tí mò ń wí: ẹrù kún ìta, ebi ẹrù sì ń pa wọ́ọ̀fù.

Nígbà tí àṣẹ ìgbéra dé, eré àsápajúdé ni. Theodore Roosevelt, tí yóò di ààrẹ lẹ́yìn náà, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rough Riders gun ọkọ̀ ojú irin kan tó ń kó èédú dé èbúté. Wọ́n já wọ ọkọ̀ Yucatan, èyí tí wọ́n ti pín fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì mìíràn, wọ́n sì kọ̀, wọn kò sọ̀ mọ́. Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n pè wọ́n, ẹṣin ni wọ́n fi ń yangàn, àmọ́ àyè kò tó nínú ọkọ̀. Yàtọ̀ sí ẹṣin àwọn ọ̀gá, gbogbo ẹṣin yòókù dúró sí Florida, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ja ogun Kúbà. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní Daiquirí, níbi tí kò sí èbúté gidi, wọ́n ń ti ẹṣin ìwọ̀nba tó wà sínú òkun kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ dé etíkun. Òmíràn nínú wọn kọrí sí agbami. Amẹ́ríkà borí nínú ogun náà ṣá, nítorí pé Sípéènì gan-an kò ní agbára mọ́. Ìṣẹ́gun kò sọ Tampa di ètò tó dára.

Ní ọdún 1984, ìjọba Amẹ́ríkà fìdí àjọṣe kan múlẹ̀ láàárín ẹ̀ka tó ń bójú tó ọkọ̀ òkun oníṣòwò, tí wọ́n ń pè ní MARAD, àwọn ológun, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun àti àwọn aláṣẹ èbúté. Wọ́n mú àwọn èbúté oníṣòwò kan tí iye wọn kò pé ogún: Savannah, Charleston, Jacksonville, Beaumont, Corpus Christi, Tacoma, Oakland àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ibi ìdíkọ̀ tí wọ́n máa nílò, ilẹ̀ tí wọ́n máa to ẹrù sí, àti iná tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ òru. Bí ìpè bá dé, wákàtí 48 ni wọ́n fún èbúté láti ṣí àyè náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń já èdìdì mọ́.

Ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó yan èbúté lè ya ẹni tó rò pé ìjìnlẹ̀ omi nìkan ló ṣe pàtàkì lẹ́nu. Wọ́n ń wo bí táǹkì ṣe lè sọ̀ kúrò lórí ọkọ̀ ojú irin láìsí pé wọ́n fi kéréènì gbé e. Wọ́n ń wo ilẹ̀ gbalasa tí a dà ní kọnkéré, nítorí ọkọ̀ ọ̀wọ́ ọmọ ogun kan lè bo pápá bọ́ọ̀lù púpọ̀. Wọ́n ń wo bárékè tó wà nítòsí. Savannah ló fi èyí hàn jù. Ìráàkì wọ Kùwéètì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1990. Ẹgbẹ́ 24th Infantry wà ní Fort Stewart, tí kò jìnnà sí èbúté náà. Oṣù yẹn kò tíì dá sí méjì tí ọkọ̀ Capella fi kó táǹkì wọn, tó sì ń lọ. Kí oṣù tó parí, ó ti wà ní Dammam ní ilẹ̀ Saudi. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ Antares tó tẹ̀ lé e dákú lójú òkun, tí wọ́n fi ní láti wọ́ ọ lọ sí Rota ní Sípéènì. Ẹni tó ń gbé arọ náà lè ṣubú.

Ohun ìjà tó ń bú kì í bá wọn dé àwọn èbúté yìí bó bá pọ̀. Ó ní ibi tirẹ̀: Sunny Point ní North Carolina, tí wọ́n fi igbó yí ká, àti Concord ní California. Ibẹ̀, ní Port Chicago, ni ọkọ̀ tí wọ́n ń kó ọta sí ti bú ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1944. Ènìyàn 320 ló kú, ọmọ ogun adúláwọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé àwọn ni wọ́n fi sídìí iṣẹ́ ẹrù kíkó láìkọ́ wọn dáadáa. Àwọn tó ṣẹ́ kù tí wọ́n kọ̀ láti padà sídìí iṣẹ́ náà ni wọ́n tún bá ṣẹjọ́. Ó di ọdún 2024 kí àwọn ológun ojú omi tó dá wọn láre. Ó sú mi láti máa gbọ́ kí wọ́n máa pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àṣìṣe ètò.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù yìí ni ìwé ètò máa ń gbàgbé. Ọkọ̀ kì í kó ara rẹ̀. Nígbà tí ILA, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù, daṣẹ́ sílẹ̀ ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá 2024, ọjọ́ mẹ́ta ni kọ̀ńténà fi dúró sójú kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹrù ológun kò sí lára ìdaṣẹ́sílẹ̀. Àdéhùn àtijọ́ ni, ó sì ju kọnkéré lọ. Àwọn ará ìlú náà ní ohùn: ní Olympia, ìpínlẹ̀ Washington, ní 2007, àwọn tó lòdì sí ogun Ìráàkì jókòó sójú títì kí ọkọ̀ ogun má lè jáde ní èbúté. Ṣé kí ológun wá fi orúkọ ìlú báyìí sórí ìwé ni àbí kó yọ ọ́? Lójú tèmi, ìlú tó lè kọ̀ fún ológun dára ju ìlú tí kò lẹ́nu lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣètò gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Omi tó já sí wọ́ọ̀fù náà tún lọ́rọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 1944, àwọn ọmọ ogun Bírítéènì gba Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀m, pẹ̀lú kéréènì àti wọ́ọ̀fù rẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Ìdùnnú ṣubú layọ̀. Àmọ́ odò Scheldt ni ọkọ̀ máa gbà láti òkun dé ibẹ̀, ó jìn, Jámánì sì wà ní bèbè rẹ̀ méjèèjì. Títí di ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá kò sí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù kan tó wọlé, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Kánádà tó ta sílẹ̀ kí ọ̀nà yẹn tó là kò kéré. Lọ́dún 2024, Baltimore tún rí irú rẹ̀ láìsí ogun: ọkọ̀ Dali kọlu afárá Key ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń tún títì ṣe kú, irin afárá sì dí ẹnu ọ̀nà. Lára ọkọ̀ tó há sínú ni àwọn tí ìjọba so mọ́lẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀ fún ogun.

Bí èbúté ilé bá pé, ti òdìkejì ńkọ́? Àwa tí a ní ọmọ nínú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, mọ ìyẹn. Wọ́ọ̀fù Freeport ní Monrovia ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1990, ìbọn ló sì kí wọn káàbọ̀. Ti Amẹ́ríkà ní 2003 kò ní ìbọn nínú rárá. Wọ́n kó ẹrù ẹgbẹ́ 4th Infantry láti Texas, wọ́n ní Túrkì ni wọ́n máa gbà wọ Ìráàkì láti àríwá. Ọkọ̀ ti dé ẹ̀bá etíkun Túrkì kí ilé aṣòfin tó dìbò ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta. Aṣòfin 264 fọwọ́ sí i, 250 kọ̀, 19 kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Òfin wọn béèrè ju ìlàjì àwọn tó wà níjòókòó. Ìbò mẹ́ta ló jábọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ yí kiri níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó gba Suez lọ sí Kùwéètì. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi wọ Ìráàkì ní oṣù Kẹrin, Baghdad ti ṣubú.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ètò òde òní ni Beaumont. Èbúté yìí wà lórí odò Neches ní Texas, rélùwéè ńlá dé ibẹ̀, ẹrù bárékè Fort Hood àti Fort Polk ń gba ibẹ̀, kíkó táǹkì sì ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lára láti ìgbà ogun Ìráàkì. Nítorí pé ó mọ́ wọn lára, ibẹ̀ ni wọ́n ń darí ẹrù sí ṣáá. Ojú omi kan náà ni ọkọ̀ epo àwọn ilé ìfọpo Port Arthur ń gbà. Ìjì Rita jà níbẹ̀ ní 2005, omi Harvey dé ní 2017. Wọ́n á ní Corpus Christi wà gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò, àmọ́ etíkun Gulf kan náà ló wà, àsìkò ìjì kan náà ló sì ń bá wọn. Èmi ìbá ní kí wọ́n máa kó ẹrù Fort Hood gba Jacksonville tàbí Charleston lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ lè mọ iṣẹ́ náà. Akọ̀wé owó yóò ní rélùwéè máa wọ́n jù. Kí ó ṣírò ohun tí àwọn ọkọ̀ tó ń yí kiri lẹ́bàá Túrkì ná wọn, kó wá fi méjèèjì wéra.