Ẹ má ṣe da kókó tí wọ́n gé nù



Àlájà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bi mí pé: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti yọ kókó inú ọyàn ọmọ mi, wọ́n tún ní ká gbé e lọ sí Ìdí-Àràbà fún àyẹ̀wò. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára ohun tó ti jáde?"

Àlájà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ojú lásán kò lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ bóyá kókó jẹ́ jẹjẹrẹ tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn dókítà pathology nìyẹn, irú àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó. Wọn á fi fọ́màlìn pa ẹran náà mọ́ kó má bàa jẹrà, wọn á rì í sínú ìda, wọn á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn á pa á láró, kí wọ́n tó fi maikirosikóòpù wò ó.

Lọ́dún 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé dókítà n'Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí kókó ọyàn àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ kókó náà kò ní ohun tí oògùn bíi tamoxifen ń bá jà. Ẹni tí wọn kò yẹ kókó rẹ̀ wò lè máa gbé oògùn tí kò lè ràn án lọ́wọ́ mì. Ẹran tí wọ́n tọ́jú ló tú àṣírí yìí.

Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n yọ kókó fún ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n ní ọ̀rá lásán ni, wọ́n sì dà á nù. Nígbà tí òmíràn yọ lábíyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Kí wọ́n tó gé e, ẹ béèrè ibi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò.

2. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé e kọjá afárá, inú fọ́màlìn ni kó wà, kì í ṣe omi tàbí ògógóró. Kí fọ́màlìn náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Ẹ má fi sí fìríìsà, kọ́wọ́ ọmọdé má sì tó o, májèlé ni.

3. Kí orúkọ, ọjọ́, àti ọyàn ọ̀tún tàbí òsì wà lára ike náà.

4. Bí èsì bá pẹ́, ẹ padà lọ béèrè. Ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀ bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.