Wọ́n Ta Ilé, Kò Sẹ́ni Tó Gbé E

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí owó bá ti tán lápò ìjọba, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n ta nǹkan. Wọ́n á ní ilé ọ́fíìsì báyìí kò wúlò mọ́, pé kí wọ́n gbé e fún olówó kó lè tún un ṣe. Àwọn kan nínú wa náà ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni ọgbọ́n tó kù láyé. Èmi kò gbà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ilé tí àdán ń gbé o. Ohun tí ojú Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ìkòyí rí ni kò jẹ́ kí n gbà.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀: nígbà tí Èkó ṣì jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà lára wọn, títí dòní ló sì máa ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́wà tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ṣe lọ. Ní oṣù Kejìlá 1991, Babangida kó ìjọba lọ sí Àbújá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, ilé náà sì di àpatì. Ní 2006, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ Resort International Limited ní bílíọ̀nù 7 náírà. Ẹni tó rà á fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì 480. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn kò fọwọ́ sí i. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì lé ní ọdún mẹ́wàá tí ilé ńlá náà fi dúró gbagidi láàárín Ìkòyí, tí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n mọ̀. Ní 2003, ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó ta ilé yìí, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá ẹjọ́ láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Àbújá lè ní ilé sí Ìkòyí, ṣùgbọ́n Alausa ni yóò sọ ohun tí wọ́n lè sọ ilé náà dà. Síbẹ̀, wọ́n tà á kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ó dà bí ẹni tó ta ilé, tí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní òwò?

Ẹ kúkú má gbàgbé pé ní 2005 gan-an, Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ti yọ mínísítà ètò ilé nípò nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ta àwọn ilé ìjọba kan ní Ìkòyí fún àwọn èèyàn ńláńlá. Ojú wọn ti là sí i.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní, "1004 ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ní 2007, wọ́n ta ilé 1004 tó wà ní Victoria Island fún UACN Property, wọ́n tún un ṣe, èèyàn sì ń gbé ibẹ̀. Mi ò jiyàn. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n tìtorí wọn kọ́ ọ. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gba fúláàtì kan níbẹ̀ báyìí, kí ẹ wá sọ fún mi òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ lè ká a. Ilé dára sí i, àwọn tó ni ín ló wà níta.

Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, ẹ wo àwa. Yàrá ẹni mẹ́rin ni wọ́n fún wa, àwa mẹ́sàn-án là ń sùn síbẹ̀, à ń pe ara wa ní squatter bí ẹni pé oyè ni. Ẹni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀dì á lọ gba yàrá níta, á san owó ilé, owó ejẹ́ǹtì, owó àdéhùn. Láti Akọkà dé Ìkòyí, afárá Third Mainland ló wà láàárín. Ilé ọ́fíìsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, yàrá lọ́tùn-ún lósì, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo èèyàn jọ ń lò. Họ́sítẹ́ẹ̀lì wo ló yàtọ̀ sí ìyẹn? Fúláàtì olówó ló nílò kí wọ́n wó ògiri, kí wọ́n sì fa omi wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Àwa kò bèèrè tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Tiwa ti yàtọ̀: àwọn tí ìjọba kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ló gbé ilé tà, àwa tó yẹ kí wọ́n kọ́ ni kò ríbi sùn.

Bí ilé kan kò bá wúlò fún ìjọba mọ́, kí wọ́n fi háyà. Kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ lò ó ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kí ìwé àdéhùn sì sọ pé bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láàárín ọdún méjì, ilé padà sọ́wọ́ aráàlú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń ná owó ilé tí a tà, ọdọọdún ni owó háyà ń wọlé. Bí wọ́n bá sì ní àfi dandan kí wọ́n tà á, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé tí ìpínlẹ̀ fi fọwọ́ sí i hàn wá, pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù dá lé e, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì níta, níbi tí àwa tá a wà nínú dáńfó á ti rí i kà.